Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkè: Ọ̀rọ̀ Àwa Oníkẹ̀kẹ́ àti Ẹ̀yin Awakọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

  Alága ní kí a má gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nítorí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló kàn lẹ́yìn tiwa, a sì mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ fọkàn balẹ̀, tiwa náà yóò já síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà tí a kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí a máa gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé láti Ìkìrun lọ sí Ìníṣà, kí a sì ti ibẹ̀ dé Òkukù, ẹ̀rín ni ẹ fi wá rín. Ẹnì kan bi wá pé ṣé ọ̀kadà ti tán nílùú ni. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pa òun tó, ẹ tún ní kí òun wá máa gun òkè. A ò bínú. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ta kòkó tó fi ra Raleigh, gbogbo àdúgbò ní í bá a yọ̀, wọn a sì máa nù ún bí ẹni ń nu awo. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù dé, mọ́tò pọ̀, kẹ̀kẹ́ wá di ohun ìtìjú. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, àwọn kan nínú wa ti gbé kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé jáde, wọ́n ti nu ìpẹtà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: owó epo ló kọ́kọ́ lé wa sórí kẹ̀kẹ́, kì í ṣe eré ìdárayá.

Nígbà tó yá ni a rí àǹfààní mìíràn níbẹ̀. Awakọ̀ ń jókòó láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ń dúró lójú kan títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi máa wú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa wá láìpariwo. Sátidé wa, òkú ṣíṣe àti ìgbéyàwó ni a fi ń ná, a kò sì ní ẹ má lọ. Wákàtí mẹ́ta péré láàárọ̀ ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1894, ní ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan tó ń jà fún òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìwé ìròyìn wọn, Clarion, pè é. Bí wọ́n bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìletò lópin ọ̀sẹ̀, wọn a máa gbé ìwé ìròyìn náà dání. Ní 1896, àwọn òṣìṣẹ́ Jámánì dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Solidarität, èyíinì ni Ìṣọ̀kan. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, ó fòfin dè é. Ìjọba tó ń bẹ̀rù oníkẹ̀kẹ́! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa, ọmọ Eritrea kan, Biniam Girmay, gba ìpele mẹ́ta nínú ìdíje Tour de France ní 2024; ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú kankan kò tíì gba ìpele kan rí ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú pópó ti gbogbo àgbáyé wá sí ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali, orílẹ̀-èdè Rwanda, níbi tó jẹ́ pé òkè lẹ́yìn òkè ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọni ayé ni kò lè parí rẹ̀. Nítorí náà, bí òkè Ìkìrun bá mú yín mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má tijú.

Ìgbà tó dára jù fún un ni ìgbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, láti oṣù kẹwàá títí ọyẹ́ yóò fi dé. Oòrùn kò tíì le láàárọ̀, eruku kò tíì sọ, kùrukùru a sì máa bo orí òkè bí ẹ̀wù. Àwọn olóbì a ti máa ká obì. Odò Ọ̀tìn a kún. Ẹ rántí pé irú ìgbà yìí náà ni, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1878, tí ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Àwọn ọmọ ogun tí Ìbàdàn ṣẹ́gun ń sá lọ, wọ́n já lu omi Ọ̀tìn, odò sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ.

Nípa òkè gígùn, ẹni tó bá fi gbogbo agbára bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ìdajì òkè ni yóò ti máa wá igi tí yóò fara tì. Ẹ rọra bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ má fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pa, ẹ máa mí látinú ikùn. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní gíà, ẹ ti yí i sí èyí tó fúyẹ́ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ń tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, ṣéènì lè bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí kò ní gíà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í. Àwọn tó la ojú irin tó dé Òṣogbo ní 1907 mọ̀ pé rélùwéè kò lè gun òkè tó ga ṣánṣán, ìdí òkè ni wọ́n ń mú un yí ká. Ẹ̀kọ àti àkàrà ti tó kí a tó jáde. Iyán Òkukù, ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà tí a bá dé.

Ibi tó ń pa ènìyàn ni ìsọ̀kalẹ̀. Ewé tútù àti ẹrẹ̀ pupa tí òjò wọ́ sójú títì a máa yọ̀ bí ilá. Búréèkì méjèèjì ni kí ẹ máa fà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fa ti iwájú nìkan lójijì, orí ni yóò fi lélẹ̀.

Wàyí o, ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ̀yin gan-an la bá wá. Ní Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, a ti gun òkè kan tán, a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìníṣà, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dé lẹ́yìn wa. Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn wá kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ nìkan gbé ẹ̀gbọ́n wa kan sínú gọ́tà, egungun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí awakọ̀ náà dúró tó sáré padà wá, ọmọ ẹ̀ka wa ni. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó sì ti gbà kí a sọ ọ́ bí a kò bá dárúkọ òun. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú títì, ó ń sunkún, ó ní, “Ẹ dárí jì mí, n ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo rò pé àwọn ará oko ni.”

A dárí jì í. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Bó bá jẹ́ ará oko ńkọ́? Ṣé ará oko kò ní èjìká ni?

Nígbà tí a jókòó tì í dáadáa ni a tó mọ ìyókù. Iye ìrìn tó bá rìn ni ẹni tó ni ọkọ̀ fi ń sanwó fún un. Bí kò bá rin mẹ́ta lóòjọ́, owó oúnjẹ ọmọ kò pé. Ó ti jí láti aago mẹ́ta òru. Ní 1977, nígbà tí a ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Ti gbogbo Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 1988. Ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró ní ẹsẹ̀ gbogbo òkè, kò sì lè wo inú àdéhùn tó wà láàárín awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, Alága, bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, a fẹ́ kí ẹ fi èyí kún un: kí owó awakọ̀ akẹ́rù di owó oṣù tó dúró, kí a yé fi iye ìrìn wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa tó fi èjìká ṣẹ́ ló ní kí a dá àbá náà. Awakọ̀ tó gbá a lulẹ̀ ni yóò kín in lẹ́yìn.

Kó tó di pé a rí ìyẹn gbà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá bá oníkẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, ìwọ̀n apá méjèèjì tí àgbàlagbà nà ni kí ẹ fi jìnnà sí i. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, ẹnu ọ̀nà tó jáde láti Ìkìrun lọ sí Ìníṣà. Ẹ gbé omi àti pọ́ǹpù dání, ẹ wọ aṣọ tó tàn kí awakọ̀ lè rí yín láti òkèèrè. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n wa wà nílẹ̀. Èjìká rẹ̀ kò tíì san tán, ó ní kí a wá gbé e.