Ìbáwí Kì Í Ṣe Èébú

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, 'scold', ni àwa fẹ́ yẹ̀ wò. Lónìí, a ń lò ó fún fífi ìbínú bá ènìyàn wí. Ṣùgbọ́n nígbà àtijọ́, ènìyàn ni ó ń jẹ́: obìnrin aláríwo tí ń bú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà míràn, a ó so ó mọ́ àga, a ó sì rì í sínú omi. Ọdún 1967 ni a tó pa òfin náà rẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí àti 'bá wí' kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo tiwa bí a ti ń là á sí méjì: ìyá bá ọmọ wí. Ọmọ ni ó wà láàárín. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó wà nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, níbi tí Olúwa ti bá ìjì wí, tí ìdákẹ́rọ́rọ́ sì dé.

Bí ọmọ bá da epo nù, tí a wí pé, "Má fi ọwọ́ kan gbé ìgò mọ́," a bá a wí. Bí a bá wí pé, "Olórí burúkú, ọmọ bàbá rẹ ni ọ́," a bú u, a sì bú ilé rẹ̀. Síbẹ̀, kò mọ bí a ti ń gbé ìgò. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀tún fà á mọ́ra.