Orúkọ Inú Fóònù: Ta Ló Ń Wá Wa, Ta Ló sì Ń Rí Wa?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní ìlú Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

  

Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo bi àwọn tó ń lo fóònù léèrè ohun tó ń rú wọn lójú. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa agbára ẹ̀rọ tàbí nípa kámẹ́rà. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé: orúkọ wo ni kí n fi nọ́ḿbà ìyá mi pamọ́ sí? Kí ló dé tí mo wá orúkọ tí mo mọ̀ pé ó wà nínú fóònù mi, tí n kò rí i? Ta ló sọ fún ẹni tí n kò mọ̀ rí pé èmi ni Ìyá Aláṣọ? Báwo ni mo ṣe lè ṣe fóònù yìí kó jọ tèmi? Ó dà bí ẹni pé àwọn ìbéèrè náà kò bára tan, ṣùgbọ́n orúkọ ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó fẹ́ tètè rí nǹkan ń fẹ́ kí orúkọ gùn, ẹni tó fẹ́ bo àṣírí ń fẹ́ kó kúrú. Ẹnì kan náà sì ni àwọn méjèèjì, èmi àti ẹ̀yin.

Ẹni tó tẹ ìlú yìí dó, Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná la mọ̀ ọ́n sí. Ìtàn ní Aláàfin ló rán an wá láti máa ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń dá lọ́nà. Ọfà ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣì ń ṣe láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM ti dé ilẹ̀ wa: Alhaji Sìmẹ́ǹtì, Bọ̀dá Káfíńtà, Ìyá Ìbejì Òkè-Gada. Ẹlòmíràn ti tọ́jú nọ́ḿbà mẹkáníìkì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. A kì í sì í pe àgbà lórúkọ, nítorí náà Màmá Ṣadé ni, kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà A nínú fóònù ará Ẹdẹ, ẹ ó rí Alhaji, Alhaja àti Àfáà lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ sún dé P, ẹ ó bá àwọn Pásítọ̀. Èyí dára lójú tèmi. Àṣà wa ló wọ inú ẹ̀rọ, kò dúró síta.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ wá orúkọ náà. Ẹ rántí Ọba John Adétòyèsè Láoyè, tó jẹ Tìmì, ìyẹn ọba Ẹdẹ, láti 1946 títí di 1975, ọba tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tó sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ohùn nìkan ni dùndún ń gbé jáde, kò ní lẹ́tà. Bí onílù bá lu ohùn orúkọ kan lásán, orúkọ mẹ́wàá ló lè bá a mu. Ìdí nìyẹn tó fi ń lu oríkì tẹ̀ lé e, kí ẹni tí a ń kì lè mọ̀ pé òun ni. Fóònù ṣe òdì kejì: lẹ́tà ló ń gbà, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í fi àmì ohùn sí i. Ẹ tẹ orúkọ ìlú wa láìfi àmì sí i sínú Google, kò mọ̀ bóyá Ẹdẹ lẹ ń wá, tàbí èdè tí à ń sọ, tàbí edé inú ọbẹ̀. Ìlú kan tún wà ní Gelderland, lórílẹ̀-èdè Netherlands, tó ń jẹ́ Ede. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ gbé yín lọ síbẹ̀. Ẹ ṣe bíi ti onílù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kún un: Ẹdẹ Ọ̀ṣun, Ẹdẹ Tìmì, Ẹdẹ Pólì.

Ìdí mìíràn wà tí ojú lásán kò lè rí. Gbogbo lẹ́tà inú fóònù ló ní nọ́ḿbà nínú ìlànà kan tí gbogbo ayé ń lò, tí wọ́n ń pè ní Unicode. Wọ́n fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, kò sí nọ́ḿbà kan ṣoṣo fún un mọ́; fóònù máa ń so nǹkan méjì pọ̀ ni. Kíbọọ̀dù mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ló ń fi sábẹ́ lẹ́tà, kì í ṣe àmì róbótó. Lójú tiwa, Ẹdẹ ni Ẹdẹ. Lójú fóònù, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àfi bí ẹni tó ṣe áàpù náà bá ti kọ́ ọ láti kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Bí ọmọ yín bá fi àmì sí orúkọ, tí ẹ̀yin sì wá a láìfi àmì sí i, áàpù kan á rí i, òmíràn á ní kò sí. Láti 1875 tí ìjọ CMS ti pe ìpàdé sí Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá la ti ń fa ọ̀rọ̀ àmì yìí. Ẹ̀rọ ló tún wá dá kún un.

Ohun tí mo rí sí i nìyí. Nínú ìwé, nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó, nínú ohun tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín kà lẹ́yìn ọ̀la, ẹ fi àmì sí i. Gboard tí Google ṣe ní kíbọọ̀dù Yorùbá, ọ̀fẹ́ sì ni. Nínú àkójọ nọ́ḿbà, ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ má yẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Èmi kì í fi àmì sí orúkọ nínú fóònù mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka Yorùbá á bínú; kí wọ́n máa bínú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí àṣírí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dun ènìyàn. Gbogbo yín lẹ mọ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Kí áàpù wọn tó yá ènìyàn lówó, á kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé kí òun wo àkójọ nọ́ḿbà rẹ̀. Ẹni tí owó ń pọ́n lójú kì í kà á délẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ ẹ̀sín sí àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ta ni wọ́n á kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Ọ̀gá Ibi Iṣẹ́, ẹni tó jẹ́ Màmá Ìyàwó Mi, ẹni tó jẹ́ Pásítọ̀ tàbí Lèmọ́ọ̀mù. Oníṣẹ́ ẹ̀sín kò ṣe ìwádìí kankan. Ẹni tó yáwó ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹni tó ń tì í lójú jù sílẹ̀ fún wọn.

Ìjọba kò sùn pátápátá. Lóṣù Kẹjọ 2021, NITDA, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà yìí. Lóṣù Kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń jà fún oníbàárà, àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan n'Ìkẹjà. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2023, Google ní áàpù ayánilówó kankan tó bá wà nínú Play Store kò gbọ́dọ̀ wo àkójọ nọ́ḿbà tàbí fọ́tò oníbàárà mọ́. Nítorí náà, bí ayánilówó bá ní kí ẹ má gba áàpù òun nínú Play Store, pé kí ẹ tẹ líǹkì tí òun fi ránṣẹ́, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ń sá fún.

Ní ti ẹni tó ń bèèrè bí àjèjì ṣe mọ̀ pé Ìyá Aláṣọ lòun, ẹ wo áàpù Truecaller, tó ń fi orúkọ ẹni tó ń pè hàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sweden lọ́dún 2009. Ọ̀pọ̀ orúkọ tó ń gbé jáde, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lò ó ló ti wá. Lọ́dún 2019, NITDA kéde pé òun ń ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ń lo ìsọfúnni ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ òun lè lọ sí ìkànnì wọn kó ní kí wọ́n yọ nọ́ḿbà òun kúrò.

Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni wa, tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, wúlò fún ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀ sílẹ̀. Aládùúgbò yín lè fi nọ́ḿbà yín pamọ́ sí orúkọ yòówù tó bá wù ú, bó ṣe Ajẹgbèsè. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé àṣírí fóònù kì í ṣe tẹnì kan. Àṣírí mi wà nínú fóònù yín, tiyín wà nínú tèmi. Bí ẹ bá jẹ́ kí áàpù kan wo àkójọ nọ́ḿbà yín, èmi náà lẹ fà lé e lọ́wọ́.

Ó wá kan nọ́ḿbà ìyá. Olè tó jí fóònù tí kò ní títì, Mummy ló máa wá. Á pe Mummy, á ní ọmọ yín ti ní ìjàǹbá, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́. Àwọn kan sọ fún mi pé bí àwọn kò bá kọ Mummy síbẹ̀, ta ló máa mọ ẹni tó yẹ kó pè bí ọkọ̀ bá gbókìtì lọ́nà Òṣogbo? Ọ̀rọ̀ wọn bá ọgbọ́n mu. Lọ́dún 2005, Bob Brotchie, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lábàá pé kí gbogbo ènìyàn kọ ICE, ìyẹn “In Case of Emergency” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú orúkọ ẹni tí wọ́n á pè ní pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ fóònù kì í wà ní títì. Lónìí, bí fóònù bá wà ní títì, kò sẹ́ni tó máa rí Mummy. Ọ̀pọ̀ fóònù ti ní ààyè tí a lè kọ nọ́ḿbà pàjáwìrì sí, tí yóò hàn sójú fóònù láìṣí i. Ibẹ̀ ni kí nọ́ḿbà ìyá wà. Nínú àkójọ nọ́ḿbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lásán, bíi tàwọn tó kù. Kì í ṣe àrífín. Fóònù kì í ṣe ẹnu.

Ní ti ká ṣe fóònù lọ́ṣọ̀ọ́, ohun tí mo ní kò pọ̀. Ẹ fi ìró adhan sí i, ẹ fi orin ìjọ sí i, ẹ fi oríkì ìdílé yín sí i kó máa ké bí ẹ̀gbọ́n yín bá pè. Gbogbo rẹ̀ ló ń bá ara gbé ní Ẹdẹ. Ohun kan péré lẹ ní láti yẹ̀ wò: álẹ́ẹ̀tì báǹkì tó ń yọ gàdàgbà sójú fóònù nígbà tí ẹ gbé e lé orí tábìlì ọjà. Ẹ lè ní kó máa sọ pé iṣẹ́ dé, láìka iṣẹ́ náà síta. Orúkọ Bluetooth àti Hotspot yín náà, ẹ wò ó bóyá orúkọ àti oyè yín ló ń kígbe rẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo máa bẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ gba fóònù ìyá yín. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù léèrè PIN àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ẹ fi ti síìmù náà, kí ẹ sì yí i padà, kí olè tó bá yọ síìmù náà, tó fi í sínú fóònù mìíràn, má lè fi tẹ kóòdù báǹkì. Bí ènìyàn bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á tì. Ẹ tan ààbò onípele méjì ti WhatsApp wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé nọ́ḿbà mẹ́fà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wọn, wọn kò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, bó ṣe àlùfáà ló bèèrè. Ẹ bá wọn kọ nọ́ḿbà pàjáwìrì. Ẹ sì má ka àtẹ̀jíṣẹ́ wọn.