Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀

  

Orí Òkè Ìtasẹ̀ yìí ni ìtàn pè ní ibùjókòó Ọ̀rúnmìlà ní Ilé-Ifẹ̀. Ibí ló yẹ kí ìrìn àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé Ẹnuwá, ẹ ó rí Ààfin Ọọ̀ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní 1954 wà, níbi tí a kó àwọn orí idẹ àti orí amọ̀ sí. Ẹ má ṣe kúrò nílùú láìdé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta akọ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí a kan ìṣó irin mọ́ lára.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọrọ̀ Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n bá hú àwọn orí idẹ jáde. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi kúrò nílé. Méjì dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì padà wálé ní 1950. Ọ̀kan ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1957, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ní Ìta Yemòó, ère idẹ tún yọ. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n bá ilẹ̀ tí a fi apáàdì tẹ́, tí a to ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ìdúró. Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ kí a fi apáàdì tẹ́ ojú ilẹ̀ ìlú.

Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá ní ogún gbogbo ayé. Ọlá ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá tí awo kan bá gbàgbé, awo mìíràn lè rán an létí. Apáàdì tí kátápílà bá fọ́, ta ni yóò kì í padà?

Nítorí náà, kí onílé tí ó bá kan ohun àtijọ́ nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀ dá ọkọ́ dúró, kí ó ránṣẹ́ sí ààfin àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí àlejò má ṣe ṣa apáàdì sápò, kí ó sì tọrọ àyè kí ó tó ya fọ́tò nínú igbó òrìṣà. Kí olúwo mú ọmọ awo dé àwọn ojúbọ wọ̀nyí, bí ó ti ń kọ́ ọ ní odù, kí ó lè mọ ilẹ̀ tí odù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún á yabo. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.