Ẹ Ṣí Ẹnu Ọ̀nà fún Ará Ẹ̀gbẹ́ Igbó

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sọ níbi àpèjọ wa ní Ọ̀tà

  

Àkòrí tí wọ́n fún mi ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ìjọba, àti bí wọ́n ṣe lè rí ilẹ̀ lò. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ló kan Ọ̀tà níbẹ̀? Ilé iṣẹ́ ló yí wa ká, kì í ṣe ẹfọ̀n." Ó kàn wá o. Ọ̀nà méjì ló gbà kàn wá.

Èkíní ni odò. Gbogbo ọmọ Àwórì ló gbọ́ ìtàn Ògúnfúnminíre àti àwo tó ń léfòó lọ lójú omi títí tó fi rì ní Ìṣẹrí. Odò Ògùn ni omi náà. Odò yìí kan náà, tí ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìhà Ṣakí lókè ọ̀hún ló ti ń bọ̀, inú igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní Old Oyo National Park ló sì gbà kọjá. Abẹ́òkúta ń mu nínú rẹ̀, ilé omi Adìyàn sì ń fà á fún ará Èkó kó tó wọ ọ̀sà. Bí igi ibẹ̀ bá tán, àwa tí a wà nísàlẹ̀ náà máa jẹ nínú ìyà rẹ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Èkejì ni òfin. Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ tí ẹ wà níbí mọ bí oko ẹ̀gẹ́ àti oko obì ṣe di ọgbà ilé iṣẹ́. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, irè oko rẹ̀ àti ilé tó kọ́ ni wọ́n á ṣírò owó rẹ̀ fún un. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì owó ilẹ̀ tó bá san lọ́dún náà ni òfin mọ̀, bó bá san rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sókè odò. Ní 1936 ni wọ́n sọ Upper Ogun di igbó ọba. Ti Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀ lé e ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di igbó tí a kì í ti í pa ẹran. Nígbà tó di 1991, ìjọba àpapọ̀ pa wọ́n pọ̀, wọ́n di National Park. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ìgbẹ́tì, Kíṣí, Ìgbòho, Ṣẹpẹ̀tẹ̀rí, Tedé àti àìmọye abúlé ló yí i ká. Òfin 1999 tó ń darí irú igbó bẹ́ẹ̀ sì le: a kò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́, a kò gbọdọ̀ gé igi, a kò gbọdọ̀ da ẹran wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ wọlé láìgbàṣẹ.

Kí ló wà nínú igbó yìí? Ẹranko wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ahoro Ọ̀yọ́-Ilé náà wà níbẹ̀, olú ìlú àwọn Aláàfin, tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840 kí Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó. Ilẹ̀ baba ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni igi ẹ̀mí àti igi igbá ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn yẹn. Obìnrin ló ń ṣa ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe òrí, obìnrin ló sì ń fi èso igbá ṣe irú. Oyin wà níbẹ̀, koríko ìbolé wà níbẹ̀, egbòogi náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ta ló gbin igi ẹ̀mí? Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ó dá hù ni. Ẹ wá padà sí òfin tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ohun tí a gbìn àti ohun tí a kọ́ ni òfin ń sanwó fún. Ìyá tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣa ẹ̀mí lábẹ́ igi kan náà kò gbin nǹkan kan, kò kọ́ nǹkan kan. Lójú òfin, kò pàdánù nǹkan kan! Bẹ́ẹ̀ owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló lọ yẹn. Ní Ọ̀tà níbí, ẹni tí oko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tún lè kọ́ yàrá fún ayálégbé, aya rẹ̀ sì lè máa ta ìrẹsì fún òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ọba, géètì wà, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ń jáde wá jẹun kò tó nǹkan.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé kí wọ́n tú igbó náà ká. Bí wọ́n bá pín in lónìí, àwọn onígedú ni yóò jogún rẹ̀, kì í ṣe ìyá oníṣu tàbí ìyá olórí. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí owó kò bá lè dí ohun tó sọnù, kí a ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ ní ìwọ̀nba, pẹ̀lú òfin àti àkókò.

Àwa kọ́ la máa kọ́kọ́ ṣe é. Ní Kenya, láti 1973 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn Endorois kúrò létí adágún Bogoria nítorí ọgbà ẹranko. Wọ́n gbé ẹjọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ African Commission ní Banjul. Ìdájọ́ tó jáde ní 2010 dá wọn láre: kí ìjọba dá ilẹ̀ wọn padà, kí wọ́n lè wọ ibi ìsìn wọn, kí ẹran wọn sì lè jẹ̀ níbẹ̀. Ìmúṣẹ rẹ̀ falẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti wà nílẹ̀. Ìwé àdéhùn Áfíríkà tí wọ́n fi dájọ́ náà, Nàìjíríà ti sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa láti 1983. Nítòsí wa ní Benin, ní igbó Pendjari, àwọn abúlé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n gba ìpín nígbà kan rí nínú owó tí àwọn ọdẹ àlejò san, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún oko dídá.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó tọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Kí wọ́n fún àwọn obìnrin abúlé ní ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ láti ṣa ẹ̀mí àti igbá ní àkókò rẹ̀. Kí ọmọ Ọ̀yọ́ lè lọ sí ahoro baba rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Kí ará abúlé jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ààlà, kí ọmọ wọn sì wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀ṣọ́ tí ará abúlé bá ń sá fún, ta ni yóò sọ fún un nígbà tí ẹni ibi bá wọgbó?

Àwa ńkọ́? A ní lọ́yà nínú gbọ̀ngàn yìí, a ní sọ̀fẹ́yọ̀, a ní oníròyìn, a ní olùkọ́. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ kan, ìbáà jẹ́ fún igbó ní Ṣakí tàbí fún ilé iṣẹ́ níbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka igi tí a gbìn nìkan. Ẹ bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n ń ṣà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó mọ ògiri yí i ká.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ wa ní ìwé tí a lè fi gbèjà ẹni tí kò mọ̀wé.