Ìdárò Aríran: Ẹ̀kọ́ Wo Ni Ìyìn Òkú Ń Kọ́ Alààyè?

Olóòtú ètò ní kí n ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀yin yòókù tó dá sí i. Ọ̀rọ̀ ìdárò ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdárò ọba, kì í sì í ṣe ti jagunjagun. Ìdárò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri àgbáyé ṣe fún oníṣòwò ẹ̀rọ kan ni, èyíinì ni Steve Jobs, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó kú ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2011.

Aríran ni wọ́n pè é. Kì í ṣe aríran ilé àdúrà ni wọ́n ń wí o. Ẹni tí ó rí ohun tí aráyé yóò fẹ́, kí aráyé fúnra wọn tó mọ̀ pé àwọn fẹ́ ẹ, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé síwájú yín ni èyí: nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn bá ń yin irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ni ìyìn náà ń kọ́ àwọn tí ó kù láyé? Òkú kì í gbọ́ ìdárò ara rẹ̀. Ọmọ tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ó ń gbọ́ ọ, láti inú rẹ̀ ni ó sì ti ń mọ irú ènìyàn tí ayé ń bu ọlá fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí bí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Ní ilé rẹ̀ ní ìlú Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California, ni Jobs kú sí, lẹ́ni ọdún 56. Àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ti rí lára rẹ̀ láti ọdún 2003 ni ó ṣokùnfà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ṣáájú ni ó fi ipò olórí ilé-iṣẹ́ Apple sílẹ̀. Bí ìròyìn náà ti tàn kálẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-ìtajà Apple ní New York, ní London, ní Tokyo àti ní Beijing. Wọ́n to òdòdó síbẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn sórí ìwé pélébé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Àwọn mìíràn gbé èso ápù tí wọ́n ti gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan síbẹ̀, nítorí irú èso bẹ́ẹ̀ ni àmì ilé-iṣẹ́ náà. Iye ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ sí Apple lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju mílíọ̀nù kan lọ.

Kì í ṣe àwọn oníbàárà nìkan ni ó dárò. Wọ́n fa àsíá wálẹ̀ dé ìdajì òpó ní oríléeṣẹ́ Apple ní Cupertino, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Disney àti ní Microsoft pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ Microsoft yìí ni Apple ti ń bá figagbága láti ọjọ́ pípẹ́. Bill Gates tí òun àti Jobs ti jọ díje fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sọ pé ọlá ńlá ni ó jẹ́ fún òun láti bá a ṣiṣẹ́. Ààrẹ Barack Obama ní tirẹ̀ sọ pé bóyá ni a fi lè rí ìyìn kan tí ó tóbi ju èyí lọ: pé orí ẹ̀rọ tí Jobs fúnra rẹ̀ hùmọ̀ ni apá púpọ̀ nínú aráyé ti gbọ́ ìròyìn ikú rẹ̀.

Ó yẹ kí a yìn ín. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ní ọdún 1976, òun àti Steve Wozniak àti Ronald Wayne dá Apple sílẹ̀. Ní ọdún 1985, ìjà àgbà inú ilé-iṣẹ́ náà lé e jáde. Kò jókòó káwọ́ gbera. Ó dá ilé-iṣẹ́ NeXT sílẹ̀, ó sì náwó nára sí Pixar, ilé-iṣẹ́ tí ó gbé fíìmù Toy Story jáde ní ọdún 1995, èyí tí ó jẹ́ odindi fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Apple ní ọdún 1997, díẹ̀ ni ó kù kí ilé-iṣẹ́ náà wó. Lẹ́yìn èyí ni iMac jáde ní ọdún 1998, iPod ní 2001, iPhone ní 2007, àti iPad ní 2010. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan mọ bí a ti ń lò, òun ni ó takú pé ó gbọ́dọ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé àti arúgbó yóò fi lè mú un lọ́wọ́ kí wọ́n sì lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìdárò Ààrẹ Obama tí ó yẹ kí a dúró tì. Ó ní Jobs hùmọ̀ ẹ̀rọ náà. Ṣé òun nìkan ni? Wozniak ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà méjì tí Apple kọ́kọ́ tà. Tẹlifóònù alágbèéká ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kí iPhone tó dé. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bí ó ti wù kí ó ga tó.

Ikú mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kan náà jẹ́rìí sí èyí. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ikú Jobs, wọ́n bá òkú Dennis Ritchie nínú ilé tí òun nìkan ń gbé ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ẹni 70 ọdún ni. Ní Bell Labs ni ó ti ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni òun àti Ken Thompson ti ṣe Unix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969. Unix yìí ni ètò tí ń darí iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, gẹ́gẹ́ bí baálé ti ń pín iṣẹ́ fún ará ilé kí ẹnìkan má baà dí ẹnìkejì lọ́wọ́. Níbẹ̀ náà ni Ritchie ti ṣe èdè tí à ń pè ní C, tí àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ fi ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe fún un.

Ẹ wo bí okùn náà ti so kọ́ra. Nígbà tí Jobs dá NeXT sílẹ̀, ìran Unix ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn lé. Nígbà tí Apple ra NeXT, iṣẹ́ yìí ni ó di ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà Mac ti òde òní, òun náà ni ó sì di ìpìlẹ̀ iPhone. Nítorí náà, ẹni tí ó mú iPhone lọ́wọ́ tí ó ń sunkún Jobs lálẹ́ ọjọ́ náà, iṣẹ́ Ritchie wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kò kàn mọ̀ ni. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dárò Ritchie tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ilé-ìtajà kan tí àwọn èrò ìgboro lè lọ tan àbẹ́là fún un sí. Kí oṣù náà tó parí, ní ọjọ́ 24, John McCarthy náà kú ní California, lẹ́ni ọdún 84. Òun ni ó sọ ọgbọ́n àtọwọ́dá lórúkọ ní ọdún 1955, ọ̀rọ̀ tí kò kúrò lẹ́nu aráyé lónìí. Mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ rẹ̀?

Èmi kò bá ogunlọ́gọ̀ wí. Ẹni tí a kò mọ̀, báwo ni a ó ti sunkún rẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí a bá jẹ́ kí ọmọ gbà pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń mú ohun ńlá jáde, ọ̀nà méjì ni a ti fi pa á lára. Èkínní, yóò rò pé bí òun kò bá jẹ́ àrà ọ̀tọ̀, òun kò wúlò. Èkejì, kò ní mọ iyì alábàáṣiṣẹ́.

Ohun kejì tí ìyìn òkú máa ń ṣe ni pé ó máa ń bo àléébù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìgbà tí a bá kú ni à ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Láìka èyí sí, ẹni tí ó bá mọ oríkì dáadáa mọ̀ pé oríkì kì í ṣe ìpọ́nni lásán. Ó máa ń ka ìwà agídí, ó máa ń ka gbèsè, ó máa ń ka ìjà tí baba ńlá ẹni jà tí kò borí. Bí ó ti ń ka ìwọ̀nyí ni a fi ń mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni à ń kì. Jobs náà ní ti ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́bí, ẹ̀yìn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Ní ọdún 2010, ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ju mẹ́wàá lọ gba ẹ̀mí ara wọn ní àwọn ilé-iṣẹ́ Foxconn ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ Apple àti ti àwọn mìíràn pọ̀. Ta ni ó tan àbẹ́là fún àwọn wọ̀nyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìtajà? Mo sọ èyí láti fi hàn pé ìdárò tí ó yọ ọ́ kúrò kò pé. N kò sọ ọ́ láti fi ba òkú jẹ́.

Ohun kẹta kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìdárò wọ̀nyẹn, léraléra ni wọ́n ń sọ pé Jobs kò parí ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òtítọ́ ni, ó fi Reed College sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù ìtàn náà, bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 2005. Kò kúrò lọ́gbà náà. Ó tún lo nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ níbẹ̀, ó ń yọ́ jókòó sí kíláàsì tí ó wù ú, pàápàá kíláàsì ọnà ìkọ̀wé. Ẹ̀kọ́ náà ni ó ní ó padà hàn nínú ẹwà lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà Macintosh. Ó fi ìwé ẹ̀rí sílẹ̀, kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ritchie ní tirẹ̀ ka ìmọ̀ físíìsì àti ìṣirò ní Harvard. Ọ̀nà wọn kò papọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀lẹ nínú wọn.

Báwo wá ni ìdárò tí ó pé ṣe ń rí? Àpẹẹrẹ kan wà. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹwàá náà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Stanford, àbúrò Jobs, òǹkọ̀wé Mona Simpson, sọ̀rọ̀ níbi ìsìn ìrántí rẹ̀. Ìyá kan náà àti baba kan náà ni ó bí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò dàgbà pọ̀. Àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó mọ ara wọn. Obìnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ ọjà àti owó ṣe kókó. Ó sọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kódà nígbà tí nǹkan kò lọ déédéé. Ó sọ bí ó ti ń kọ́ ìrìn bí ọmọdé lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un, tí ó ń ti àga síwájú lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lórí ẹsẹ̀ tí ó ti tín-ín-rín. Ẹni tí ó gbọ́ ìdárò yẹn ti rí ènìyàn, kò rí ère.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mo fẹ́ dé nìyí. Kí a yin ẹni tí ó ṣe ohun ńlá, kí a dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ní pàtó, kí a dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, kí a má sì fi àléébù rẹ̀ pamọ́ fún ọmọ tí ń gbọ́. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má dúró de ikú. Yinni yinni, kí ẹni ṣe mìíràn. Ritchie ì bá ti gbọ́ ọpẹ́ lẹ́nu wa nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ wà láàárín wa: ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe láìpariwo, olùkọ́ ìṣirò tí orúkọ rẹ̀ kò jáde nínú ìwé ìròyìn rí.

Mo ti sọ tèmi. Olóòtú, mo dá ọ̀rọ̀ padà sí ọwọ́ yín, kí ẹ̀yin yòókù bá mi wò ó bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́.