Bí Aago Ọwọ́ Ṣe Ń Sùn Lóru

Ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 ni ó wà nínú ọjọ́ kan. Bí aago ọwọ́ tí kò lo bátìrì bá fi márùn-ún péré sáré lóòjọ́, ẹni tí ó ni ín lè má fura. Lóṣù kan, ó ti di ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, ó sì di ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe. Ṣùgbọ́n ta ni ó bèèrè bí aago náà ṣe ń sùn?

Kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ń yí lọ yí bọ̀ ni ó ń ka àkókò nínú rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀yìn aago lélẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń wòkè, ṣóńṣó ọ̀pá ni kẹ̀kẹ́ náà fi dúró, bí òkòtò tí ọmọdé ta. Bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ gbé e ró, ara ọ̀pá náà ni yóò máa ha ihò rẹ̀ níhà méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ kò ní yí jìnnà tó ti àtẹ̀yìnwá. Bí ibì kan lára kẹ̀kẹ́ bá sì wúwo ju ibòmíràn lọ, aago yóò yẹ̀.

Ìṣòro yìí ni Breguet ń bá jà ní Paris nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ fún tourbillon ní 1801, nítorí òòró ni aago ń wà nínú àpò ẹ̀wù nígbà náà.

Ẹni tí aago rẹ̀ ń sáré lọ́sàn-án lè wá ipò tí yóò mú un falẹ̀ lóru. Aago kò jọra. Kí ó fi òru mélòó kan dán ipò kọ̀ọ̀kan wò, kí ó máa yí sípíríǹgì rẹ̀ kún ní àkókò kan náà, kí ó sì máa fi wé aago rédíò láràárọ̀.