Kí Ìwé Ìtàn Ìlú Wa Padà Wálé



Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi ọwọ́ kọ. A fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀. Ibẹ̀ ni ó gbé sọnù. Johnson kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé ni Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, fi tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921.

Ìwé tí kò ní ẹ̀dà, etí ègbé ni ó wà. Èyí tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ nípa oyè àti ààlà ilẹ̀ wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Àgbẹ̀ mélòó ni yóò fi oko sílẹ̀ lọ kà á?

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa rán akọ̀wé méjì lọ da àwọn tí ó kàn wá kọ, kí a kó wọn sí yàrá ìkàwé ní gbọ̀ngán ìlú. Ẹ̀yin tí ìwé baba yín wà nínú àpótí, ẹ má jẹ́ kí ikán ṣáájú ọmọ yín dé ìdí rẹ̀. A kò ní gbà á. A ó dà á kọ, a ó sì dá a padà.

Kí Ọlọ́run mú ìlú wa gòkè sí i. Àmín.